Èènì mi dà?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Ọ̀wàrà 2024. Ìbàdàn.

Gààrí ló tán nílé, òun ló gbé mi dé Bódìjà láàárọ̀ yìí. Ìjà ti wà nínú Micra tí mo wọ̀ l'Ójòó kí n tó jókòó. Awakọ̀ fi ọgọ́rùn-ún náírà lé owó ọkọ̀, bàbá kan níwájú ní òun ò ní san án. "Bàbá, ẹgbẹ̀rún náírà ó lé ni lítà epo kan, àbí omi ni kí n rọ sínú ọkọ̀?"

Ọ̀rọ̀ dìṣèlú lójú ẹsẹ̀. Láti 29 oṣù Ẹ̀bìbí 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ọkọ̀ tí mo wọ̀ tí wọn ò ti jiyàn yìí. Ẹnì kan ní ọjọ́ náà ni ìyà ti wọlé. Òmíràn ní ẹ dákẹ́, àwọn olówó ló kúkú ń jẹ owó ìrànwọ́ ọ̀hún. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Lọ́dún 2022 tí wọ́n sọ 'Èmi ló kàn' l'Ábẹ́òkúta, ẹ̀rín la fi rín. A ò mọ̀ pé àwa ló kàn lẹ́yìn wọn." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àti awakọ̀. Bàbá náà yọ ọgọ́rùn-ún rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra gààrí lọ́wọ́ oníbàárà mi, kí n tó bí àwọn ìbejì. Tó bá ń wọn kọ́ńgò nígbà yẹn, á bù ú títí á fi ga ṣóńṣó, á fọwọ́ kejì gbá a mọ́ra kó má baà ya lulẹ̀, á dà á sínú ọ̀rá mi, á wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i: "Èènì yín rèé." Lónìí, ó bu kọ́ńgò kún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Èyí tó nù kúrò padà sínú àpò. Mo ṣì na ọ̀rá mi sí i.

"Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú," ló wí, kò wojú mi. Ó ní owó ọkọ̀ tí àwọn fi ń kó gààrí wá láti Òkè-Ògùn ti ju ìlọ́po méjì ti èṣí lọ.

Ẹni tó bá fowó lé ọjà, mo lè ná an, mo lè bá a jà. Èènì ni n ò mọ bí wọ́n ṣe ń jà fún, torí kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹni. Lóṣù Agẹmọ, ìjọba sún owó oṣù tó kéré jù láti 30,000 náírà sí 70,000, ìyẹn tí kò tó ra àpò ìrẹsì kan. (Èmi tí mò ń ránṣọ, ta ni màá tilẹ̀ bi pé 70,000 tèmi dà?) Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wọ́de nítorí ẹ̀kúnwọ́ gààrí.

Nígbà tó di bí aago mẹ́rin, obìnrin kan wá gba bùbá àti ìró rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ̀ ọ́ wò, inú rẹ̀ dùn, ó sanwó. Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi: "Àǹtí télọ̀, fìlà ọmọ mi ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ìrépé tó bá kù lára aṣọ rẹ̀, mo máa ń fi rán fìlà fún ọmọ rẹ̀, n kì í gba kọ́bọ̀. Mo wo jẹnẹrétọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Epo inú rẹ̀ ò ju ìka méjì lọ, bẹ́ẹ̀ aṣọ ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ lọ̀.

"Ẹ má bínú," ni mo wí. N ò wojú rẹ̀.

Ó ní kò burú, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ìrépé náà ṣì wà lórí máṣíìnì bí mo ṣe ń kọ èyí, àdìrẹ aláró. Ó tó fìlà dáadáa.