Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n yọ eyín yẹn o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan bá ń ta bíi pé iná mànàmáná gbé e, tó máa lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá tó tún máa padà wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré yọ eyín.

Eyín méjì ló ti kúrò lẹ́nu màámi ká tó mọ̀ pé kì í ṣe eyín rárá. Wọ́n yọ àkọ́kọ́, pàbó, wọ́n ní ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni, wọ́n yọ ìyẹn náà, pàbó. Ó wá burú débi pé tí mo bá gbé ẹ̀kọ fún màámi láàárọ̀, wọ́n á kàn gbé kọ́ọ̀bù dání ni, wọ́n á máa wò mí, torí tó bá kan ètè báyìí ó ti ta nìyẹn.

Dókítà tó padà mọ̀ ọ́n ò tíì wo skáànù kankan tó ti fura. Ó ní kí màámi fi ìka kan tọ́ka ibi tó ń dùn wọ́n, wọ́n nà án sí ẹ̀gbẹ́ imú, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí ìka yẹn kan ara wọn. Ó ní nẹ́ẹ̀fù karùn-ún ni, ìyẹn ìkarùn-ún lára àwọn okùn tín-ín-rín tó ti inú ọpọlọ jáde, òun ló ń jẹ́ kí ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín mọ nǹkan lára, ìdí nìyẹn tó fi ń jọ eyín ríro. Trigeminal neuralgia lorúkọ ẹ̀.

A ti ṣe CT tẹ́lẹ̀, ìyẹn skáànù tó ń fi X-ray ya inú orí, kò fi nǹkan kan hàn. Ó ní CT dáa fún egungun àti ẹ̀jẹ̀ tó bá ya sínú ọpọlọ, àmọ́ nẹ́ẹ̀fù tín-ín-rín báyẹn, àfi MRI, skáànù tó ń lo agbára mágnẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n á fi ya ìdí nẹ́ẹ̀fù náà ní wẹ́wẹ́, tí ìpele kan ò ní ju mílímítà kan lọ. Ó pè mí síwájú kọ̀ǹpútà: omi tó yí ọpọlọ ká funfun báláú, nẹ́ẹ̀fù gba àárín ẹ̀ kọjá bí okùn, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wá tẹ̀ kọdọrọ lé e lórí, bí ọkàn ṣe ń lù ló ń gbá a. Omi bọ́ lójú mi.

Ó ṣàlàyé pé ẹlòmíì wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ fara kan tiẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe é, torí náà ìtàn aláìsàn fúnra ẹ̀ ló ṣáájú, skáànù ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ ló fà á, àbí kókó, àbí àìsàn tó ń jẹ èèpo nẹ́ẹ̀fù.

Carbamazepine ni wọ́n fún màámi. Àwọn ará ilé kọ́kọ́ yarí pé ṣé kì í ṣe oògùn wárápá nìyẹn ni, òótọ́ ni, àmọ́ ó ń pa nẹ́ẹ̀fù tó ń bínú lẹ́nu mọ́. Lánàá màámi mu ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n mu ún tán, wọ́n ní kí n bu sí i.