Ohun tí awò inú ẹyinjú màlúù kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí kátárákítì, àìsàn tó ń mú kí awò inú ẹyinjú (lẹ́ńsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá) ṣú, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé awò yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan, àti pé púrótíìnì tó wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó ni ín, kò sì ní ààrọ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Glutathione, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Òun ló ń pa oró àwọn èròjà tí ọ́síjìn ń bí, irú bíi hydrogen peroxide, kí wọ́n má baà so púrótíìnì mọ́ ara wọn. Bí ọjọ́ orí ṣe ń ga ni ẹ̀ṣọ́ yìí ń dín kù, kì í sì í ráyè dé àárín awò mọ́. Ìgbà náà ni ohun tó mọ́ gaara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní láàbù, mo ra ẹyinjú màlúù ní odò ẹran, mo yọ awò mẹ́fà. Mo po hydrogen peroxide mọ́ omi tí mo rẹ mẹ́ta sí, n kò fi sí ti mẹ́ta yòókù, mo sì tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kìíní, mo ń ka lẹ́tà láti inú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mẹ́ta àkọ́kọ́ ti funfun bí omi ògì, inú mi sì dùn, àfi ìgbà tí mo rí i pé méjì nínú àwọn tí n kò fi nǹkan kan sí náà ti ṣú. Ọ̀bẹ mi ló ti ya awọ fẹ́lẹ́ tó bo awò náà. Ó wù mí kí n da méjèèjì nù kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, mo sì tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo awò tó bá ṣú ni ọ́síjìn bà jẹ́.

Ẹ̀rí tó tẹ̀wọ̀n jù lọ pé ọ́síjìn ń ba awò jẹ́, lójú tèmi, wá láti ara àwọn aláìsàn. Omi kíki kan wà lẹ́yìn awò tí kì í jẹ́ kí ọ́síjìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ púpọ̀. Bí dókítà bá yọ omi yìí nítorí àìsàn mìíràn, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní 50 ọdún ni kátárákítì máa ń mú láàárín ọdún 2.

Ẹ má wáá rò pé fítámì tó ń gbógun ti oró ọ́síjìn ló kàn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn ènìyàn ní fítámì C, fítámì E àti beta-carotene fún ọdún tó lé ní 6 nínú AREDS, ìwádìí ńlá kan lórí àwọn àìsàn ojú tó ń bá ọjọ́ orí rìn. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, kò dín kátárákítì kù rárá. Nítorí náà, bí ìyá àgbà kan bá bi yín pé òògùn wo ni òun yóò máa lò kí ojú òun tún lè là, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún un pé iṣẹ́ abẹ ni, kí ó má baà ná owó iṣẹ́ abẹ náà tán sórí hóró òògùn.