Ẹ sọ ọdún ọkọ̀ yín kí ẹ tó sanwó: ohun tí ojú wa rí lẹ́nu géètì ọgbà RV

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, inú mi ò tíì rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní RV àtijọ́ bíi tiwa, ìyẹn ọkọ̀ tí èèyàn lè sùn sínú rẹ̀ bí ilé, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣàjèjì sí yín.

Ọdún 2006 ni wọ́n ṣe tiwa. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló lẹ òrùlé rẹ̀ kó má baà jò, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì jẹ́ tuntun. Màmá mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde, la bá ní ká gbé wọn láti Houston lọ wo òkun ní Florida.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la dé géètì ọgbà tí wọ́n ti ń gba RV láti sùn mọ́jú, tí a ti sanwó sí. Màmá ti pe àbúrò wọn lórí fídíò WhatsApp, wọ́n ń fi ilé onítáyà tí ọmọ wọn ní hàn wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde. Kò béèrè orúkọ wa. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó wo ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí oòrùn ti pa, ó ní ọdún wo ni wọ́n ṣe é. Mo sọ fún un. Ó ní àwọn kì í gba ọkọ̀ tó bá ti lé lọ́dún 10. Mo ní kó wọlé wò ó. Ó kọ̀. Ọkọ̀ tuntun kan ti dé ẹ̀yìn wa, ó ní ká yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n ráyè wọlé. A yà. Mo gbọ́ ohùn àǹtí mi lórí fóònù: "Kí ló dé tí ẹ dúró? Kí ni òyìnbó yẹn ń wí?" Màmá pa fóònù. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé ìpele wọn lé itan, wọ́n kọjú síta. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju owó lọ.

Owó alẹ́ kan ò sì padà. Wọ́n ní òfin náà wà nínú ohun tí mo gbà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò kà á.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ pè wọ́n, ẹ sọ ọdún ọkọ̀ yín. Ẹ má dúró kí wọ́n bi yín. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́, torí àwọn kan máa ń gba ọkọ̀ àtijọ́ tó bá ṣì dára. Kí wọ́n fi ímeèlì sọ pé àwọn gbà. Ẹni tó gbé fóònù yín lè má sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọkọ̀ tó máa bàjẹ́ sí wọn lọ́wọ́ ló ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ni kí wọ́n fi wo ọkọ̀, kì í ṣe ọdún.

Ẹ tún wo ọgbà ìjọba. Gígùn ọkọ̀ ni wọ́n bi wá níbẹ̀, wọn ò béèrè ọdún. Ti ìjọba àpapọ̀ wà lórí ìkànnì Recreation.gov, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń jẹ́ kéèyàn gba àyè láti oṣù 6 ṣáájú, ẹ tètè gbà á. Ẹ má gbọ́kàn lé e pé ẹ máa sùn ní ibi ìsinmi ojú títì ní Florida, wákàtí 3 péré ni wọ́n fàyè gbà. Iwájú ilé ìtajà kan la sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí mánéjà gbà fún wa. Lọ́jọ́ kejì a rí ọgbà ìpínlẹ̀ kan, Màmá sì fẹsẹ̀ kan òkun.

A tún ń lọ lóṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó padà sílé. Mo ti pe ibẹ̀, mo ti sọ pé 2006 ni. Ímeèlì wọn wà lórí fóònù mi, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ síwèé.