Aago Márùn-ún Ìdájí: Àyẹ̀wò Ọdún Mi

Ní oṣù kìíní, nǹkan mẹ́rin ni mo kọ sílẹ̀ pé mo fẹ́ ṣe lọ́dún yìí. Ilé tí mo ń kọ́ ní Tanke kò tíì kúrò ní lẹ́ńtù. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ pààrọ̀, mo ṣì ń tì í. Ọmọ mi àgbà wọ yunifásítì, ọpẹ́ ni. Ìkẹrin ni pé kí n máa lọ kí Ìyá ní Ìgbàjà lóṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ. Ìgbà kẹta, ìsìnkú wọn ni.

Irú ni Ìyá ń ṣe. Wọ́n á sè é mọ́jú, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ èèpo rẹ̀ kúrò, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á tún sè é, kí wọ́n tó bò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Àwọn ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ti ìjọ ECWA, tó ti wà nílùú wa láti 1941, wà lára oníbàárà wọn. Èyí tí Ìyá bá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, wọn kì í gba owó rẹ̀. Òórùn irú kì í tán lọ́wọ́ wọn, kódà lọ́jọ́ ìsinmi. Bíbélì wọn wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Bí mo bá ṣí i dé Sáàmù, irú ni mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Láago márùn-ún ìdájí, Ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá lórí fóònù. Ọmọ mẹ́fà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Sáàmù díẹ̀, àdúrà díẹ̀, ó parí. Àmọ́ lọ́jọ́ ìbí ẹni, Sáàmù 119 ni, ẹsẹ 176 gbáko! Bí káàdì bá tán láàárín, wọ́n á rà kún un, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a dé.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi rèé: mo máa ń gbé fóònù lé ìrọ̀rí, màá máa sùn lọ, màá sì máa ṣe “àmín” láti ojú oorun. Mo rò pé wọn ò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dá àdúrà dúró: “Olúwa, ìwọ náà kúkú ń gbọ́ bí ọmọ yìí ṣe ń hanrun.”

Ẹni keje tí wọ́n ń pè ni àbúrò wọn, Bàbá Alájì, ní Ìlọrin níbí. Mùsùlùmí ni wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá: ẹran iléyá ń dé Ìgbàjà, ìrẹsì Kérésìmesì ń dé Ìlọrin. Ìyá kì í ka Sáàmù fún wọn, àdúrà nìkan ni. Ìyá a sì máa fi wọ́n bú wa pé, nínú gbogbo wa, Alájì nìkan ni fóònù rẹ̀ kì í dún lẹ́ẹ̀mejì, torí ó ti jí, ó ti ṣe àlùwàlá.

Inú oṣù kẹfà ni Ìyá sùn tí wọn ò jí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Bàbá Alájì jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé fìlà wọn lé itan. Nígbà tí a ń kúrò níbi sàréè, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú: “Ta ni yóò wá máa pè mí báyìí?”

Láti oṣù keje, èmi ni mo ń pè. N ò mọ àdúrà gbà bíi tiwọn, mo máa ń dà orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ pọ̀ mọ́ra. Àbúrò mi kan wà, tí n bá dé ìdajì, ìhanrun rẹ̀ ni màá máa gbọ́. N kì í jí i. Màá parí àdúrà, màá tẹ nọ́ńbà Bàbá Alájì. Kì í dún lẹ́ẹ̀mejì.