Ọwọ́ tó di ìjánu mú

Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn wa rán mi lọ sí Ìkòròdú láti ya fọ́tò bàbá àgbà kan tí wọ́n ti ṣe olùtọ́jú ẹṣin ní pápá ìsáré ẹṣin Èkó, kí wọ́n tó ti pápá náà pa, tí wọ́n sì kọ́ Gbàgede Tafawa Balewa síbẹ̀ ní 1972. Ọwọ́ bàbá ni mo tẹjú mọ́ jù: wọ́n fi aṣọ ìnura ṣe ìjánu, ìka wọn ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ní, “Má fà á le jù, ẹnu ń dun ẹṣin.” Ó dùn mí pé ère ẹṣin funfun ẹnu ọ̀nà nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ níbẹ̀. Mo ti bẹ olóòtú wa pé fọ́tò ọwọ́ náà ni kí wọ́n gbé síwájú.