Àìbalẹ̀ ọkàn àti ohun tí a ń sá fún

Mo ka àwọn ojú ewé tí mo kọ sẹ́yìn nínú ìwé yìí lónìí, mo sì rí i pé ohun kan náà ni ó ń padà wá lóríṣiríṣi ọ̀nà: àyà mi ń já, n kò rí oorun sùn, ọkàn mi ti ṣáájú mi dé ọ̀la, kò sì bá ire kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ lè bọ́. Àìsàn lè yọjú. Ẹnì kan lè ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi sódì. Kò sí èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ènìyàn nínú wọn, ìdí sì nìyẹn tí ìmọ̀ràn “má ronú mọ́” kò fi wúlò fún mi rí, nítorí ẹni tí ó bá lè fi àṣẹ dá ìrònú rẹ̀ dúró kò nílò ìmọ̀ràn náà.

N kò bínú sí ara mi mọ́ nítorí ohun tí ó ń ṣe. Ibi kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí a ń pè ní amygdala, tí ó máa ń ṣọ́ ewu, ó sì lè ta ara lólobó kí làákàyè tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ti fura, adrenaline, èròjà inú ara tí ń múni gbára dì, yóò tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn yóò máa lù kìkìkì, èémí yóò yára, ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó wà nídìí oúnjẹ tí ń dà nínú ikùn yóò sì darí sí iṣan apá àti ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń rú, tí ọwọ́ sì fi ń gbọ̀n. Walter Cannon, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé láti 1915 pé ńṣe ni ara ń gbára dì láti jà tàbí láti sá. Bí ẹranko búburú bá ń lé ènìyàn, ìgbáradì yìí ni yóò yọ ọ́. Àmọ́ ohun tí ó ń lé mi kò ní ẹsẹ̀: lẹ́tà kan ni, tí mo ti gbé láti orí tábìlì sínú àpótí, láti inú àpótí sábẹ́ ìwé mìíràn.

Nígbàkígbà tí mo bá gbé e kúrò lójú, ara á tù mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìtura náà sì ni èrè tí ẹ̀rù ń jẹ, nítorí ó ń kọ́ ọpọlọ pé ewu gidi ni lẹ́tà náà, àti pé sísá tí mo sá ni ó gbà mí là. Ọpọlọ kò ní àǹfààní láti rí òdìkejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bíbéèrè rí. Mo bi àbúrò mi bóyá ó rò pé nǹkan búburú ni, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, kò sí nǹkan kan.” Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo tún ń wá ọ̀nà tí n óò fi bi í lẹ́ẹ̀kan sí i láìjẹ́ kí ó mọ̀ pé ìbéèrè àná ni. Sùúrù rẹ̀ pọ̀ o.

Ìtọ́jú kan wà tí a ń fi ọ̀rọ̀ sísọ àti ìdánrawò ṣe, èyí tí Aaron Beck, dókítà àìsàn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, tí àwọn mìíràn sì ti mú gbòòrò. A ní kí ènìyàn kọ èrò tí ń dẹ́rù bà á sílẹ̀ ní kíkún, kí ó wo ẹ̀rí tí ó gbè é lẹ́yìn àti èyí tí ó takò ó, kí ó sì máa sún mọ́ ohun tí ó ń sá fún díẹ̀díẹ̀, láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó le. Mo kọ ọ́ ní ọ̀sán yìí pé: “Ohun tí ó wà nínú lẹ́tà yìí yóò ju agbára mi lọ.” Ẹ̀rí tí ó takò ó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gbé lẹ́tà náà síwájú mi, n kò ṣí i, mo kàn jókòó tì í títí ara mi fi rọlẹ̀, kí n tó wá ṣí i. Ìròyìn inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó béèrè lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ẹ̀mí mi. Ká tilẹ̀ ní ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí mo fẹ́ rántí ni pé ẹ̀rù náà gòkè, ó dé góńgó, ó sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo sá.

Mo lo èémí pẹ̀lú: mo fà á sínú bí mo ṣe ń kà dé 4, mo sì mí jáde bí mo ṣe ń kà dé 6, nítorí èémí tí a bá rọra mí jáde fún ìgbà pípẹ́ a máa dẹ ìlù ọkàn. Lójú tèmi, àwọn ènìyàn ń pọ́n ọ̀nà yìí lé ju bí ó ti yẹ lọ. Kì í lé àníyàn lọ; ó kàn ń dẹ ara díẹ̀ kí ènìyàn lè ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe, ẹni tí ó bá sì sọ ọ́ di ohun tí kò lè má ṣe kí ó tó jáde nílé ti tún rí ọ̀nà mìíràn sá ni. Mo ti dín kọfí kù, nítorí ó lè mú ọkàn lù kíákíá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rù ti ń ṣe. Ọtí ńkọ́? Ó ń mú ara rọlẹ̀ lálẹ́, ó sì ń ba oorun jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Èyí tí ó ṣòro fún mi jù ni yíya àkókò kan sọ́tọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ fún àníyàn ṣíṣe, ohun tí ó kọ́kọ́ dà bí àwàdà létí mi. Èrò tí ó bá dé láàárọ̀, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ń sún un di ìrọ̀lẹ́. Bí àkókò bá tó, èyí tí mo lè ṣe nǹkan sí, mo ń pinnu ohun tí n óò ṣe sí i, èyí tí kò sí lọ́wọ́ mi, mo ń fi í sílẹ̀ láìwá ìdáhùn fún un. Fífi ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn ni iṣẹ́ gidi níbẹ̀, n kò sì tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ènìyàn lè dá ṣe. Nígbà tí mo kà á pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò àwọn tí àìsàn àníyàn ń bá fínra ní 2019 sí mílíọ̀nù 301, ìtìjú tí kò jẹ́ kí n sọ tèmi fún dókítà dín kù. Bí àníyàn bá ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ènìyàn fún oṣù 6, tí ó sì ń dí iṣẹ́ àti oorun lọ́wọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹni tí àyà bá sì ń dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ dá a pinnu fúnra rẹ̀ pé àníyàn lásán ni. Mo ti bá dókítà dá ọjọ́, mo sì ti kọ àwọn ìbéèrè mi sílẹ̀: ṣé ẹ ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò nítorí thyroid, ẹṣẹ́ inú ọrùn tí ó jẹ́ pé, bí ó bá ń ṣiṣẹ́ jù, ó máa ń mú àyà lù bí ti oníàníyàn; bí ẹ bá kọ oògùn fún mi, ọ̀sẹ̀ mélòó ni yóò gbà kí ó tó ṣiṣẹ́; ṣé irú èyí tí ó lè di bárakú ni; báwo ni a ó sì ṣe dín in kù díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ó bá yẹ, kí n má baà dá a dúró lójijì?