Ẹ Tú Igi Iwájú Ìbọn Àlòkù Kí Ẹ Tó Sanwó

Oṣù tó kọjá ni ọlọ́pàá tún ìwé àṣẹ ìbọn mi ṣe nígbà kẹta. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fún wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Mo ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò kan gbé ìbọn àlòkù wá sí pápá tá a ti ń yìnbọn ní Sọ́ńdè, tó ní òun rí ọjà ọ̀pọ̀. Mo gbà á, mo mì í, mo dá a padà fún un. Mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì rà ni mò ń kọ èyí sí.

Ẹ ti ní ìwé àṣẹ, ẹ ti ní àpótí irin. Ìbọn olójú méjì tí ojú kan gun orí èkejì lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ máa fi fọ́ àwo amọ̀ tí wọ́n ń jù sókè, owó yín ò sì ká tuntun. Ó dáa.

Èkíní, ẹ wá èdìdì ìdánwò lára ojú ìbọn, àmì pé wọ́n ti dán agbára irin rẹ̀ wò. Òfin ò gbà kí wọ́n ta èyí tí kò yege ìdánwò mọ́. Ẹ wo gígùn ihò kátíríìjì pẹ̀lú, kí kátíríìjì tẹ́ ẹ máa lò má bàa gùn jù ú lọ: 70mm ló wọ́pọ̀, àmọ́ àwọn ìbọn àtijọ́ kan wà tó jẹ́ 65mm.

Èkejì, ẹ yọ ojú ìbọn, ẹ fi ìka kan gbé e kọ́, kẹ́ ẹ lù ú díẹ̀. Kó dún bí agogo. Bó bá dún bí agolo, irin tó so ojú méjèèjì pọ̀ ti ń ṣí.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo fi ojú ara mi rí.

Ọmọ ọdẹ ni mí. Ìdí ṣakabùlà bàbá mi ni mo dàgbà sí, nítorí náà, nígbà tí mo lọ ra tèmi ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan, ìrìn ẹni tí wọn ò lè kọ́ ní nǹkan ni mo rìn wọlé. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ kọ́kọ́ gbé ìbọn Beretta 686 kan wá, £650, ìfà kan ṣoṣo fún ojú méjèèjì. Mo ki kátíríìjì òfìfo sí i, mo fà á, kà! Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, kẹ́kẹ́ pa. Mo ní ó ti bàjẹ́. Ó wò mí, kò fèsì. Ẹ gbọ́: bí ìbọn yẹn bá ṣe ti èèyàn léjìká ló ń múra ojú kejì sílẹ̀. Kátíríìjì òfìfo kì í tini. Kí n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ló bá gbé òmíràn wá, £250, ìfà méjì. Kà, kà. Mo pa á dé, gbàgà, bí ilẹ̀kùn báǹkì! Mo sanwó. Ó po tíì fún mi. Tíì yẹn ò tíì kúrò ní ọ̀fun mi títí dòní.

Sọ́ńdè kẹrin, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ìbọn tú igi iwájú, èyí tá a fi ń di abẹ́ ojú ìbọn mú, ó fi àkísà nu oríkèé rẹ̀; gíríìsì tó jáde tó dín àkàrà. Ó pa á dé, ó ki ìdí rẹ̀ sí abíyá, ó mi ojú rẹ̀. Ó ń mì bí eyín arúgbó. Oríkèé ti jẹ, igi iwájú ló ń fún un pọ̀, gíríìsì dí àlàfo yòókù. Ó fi ọ̀pá kékeré orí rẹ̀, èyí tá a fi ń ṣí i, hàn mí: bí ìbọn bá ṣì le, apá ọ̀tún díẹ̀ ló ń dúró sí. Tèmi ti kọjá sí òsì. Mo rí i ní ṣọ́ọ̀bù o! Mo rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Àtúnṣe, £320.

Mo padà lọ. Ọkùnrin náà ní ojú mi ni mo fi rà á. Nílé wa, ọdẹ tó bá ta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fún ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, iwájú Ògún ni yóò ti rojọ́. Gbólóhùn kan péré ni ọlọ́jà yẹn ì bá sọ nípa Beretta yẹn. Ẹ̀kẹrin wà tí mo fẹ́ sọ, lórí ìdí ìbọn tí wọ́n gbẹ́ fún ọlọ́wọ́ òsì, àmọ́ inú ti ń bí mi.

Alágbẹ̀dẹ gba tèmi ní £40, kó lè máa tú ẹ̀yà ara rẹ̀ lò. Ẹni tó ra Beretta náà, pápá kan náà la jọ ń lọ. Sọ́ńdè tó kọjá, ó fọ́ àwo 22 nínú 25. Mo pàtẹ́wọ́ fún un.